Obìnrin Tó Fi Ìka Mọ Pẹ́ńsù

Ní ilé alájà méjì tí Látífàt ń gbé ní Ládí-Lak, ní Bàrígà, obìnrin jẹ́ẹ́ làwọn ayálégbé mọ̀ ọ́n sí. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni. Iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń ka ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, tó ń wá àṣìṣe inú rẹ̀ jáde. Láàárọ̀, á jáde. Nírọ̀lẹ́, á wọlé, á kí ará ilé, á ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni pé lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, pẹ́ńsù tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ló wà níbẹ̀.

Kì í tà wọ́n. Kò sì sí ọmọ iléèwé nílé rẹ̀. Ó kàn fẹ́ràn pẹ́ńsù ni, bí ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn bàtà tàbí bọ́ọ̀lù. Inú agolo bísíkíìtì àti páálí bàtà ló ń kó wọn sí, ó sì kọ ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sára rẹ̀: àwọn tó le, àwọn tó rọ̀, àwọn oníhà mẹ́fà, àwọn rógódó, àwọn tí kílínà wà nídìí wọn. Àwọn tó dàgbà ju òun fúnra rẹ̀ lọ, aṣọ funfun ló fi ń wé wọn.

Bó bá rí ṣọ́ọ̀bù ìwé tí eruku ti bo gíláàsì rẹ̀, á wọlé, á kí ọlọ́jà dáadáa, á ní kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun wo ìsàlẹ̀ káńtà. Ìsàlẹ̀ káńtà ni pẹ́ńsù àtijọ́ máa ń sá sí. Lọ́jọ́ kan, ó rí méjìlá bẹ́ẹ̀ ní Fọlá Agoro. Ìwé tí wọ́n fi dì wọ́n ti gbẹ kanran bí ewé ẹ̀ẹ̀rùn, àmọ́ ọ̀dà pupa ara wọn ṣì ń dán. Baba kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí yíya àwòrán ilé tún fún un ní odindi àpótí kan, láti orí èyí tó le bí ìṣó títí dé èyí tó rọ̀ bí èédú. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Látífàt fi ń rẹ́rìn-ín músẹ́ níbi iṣẹ́, tí ọ̀gá rẹ̀ sì ń bi í bóyá ó ti rí ọkọ ni.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni ìgbádùn rẹ̀. Á jókòó lẹ́bàá fèrèsé, á tẹ́ ìwé tí wọ́n ti lo ojú kan rẹ̀ níbi iṣẹ́, á sì yan ẹyọ pẹ́ńsù kan. Yíyàn yẹn nìkan lè gbà á ní ààbọ̀ wákàtí. Á kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, nítorí pé igi kédárì máa ń ta sánsán bí àpótí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, àwọn igi ọ̀pọ̀ kì í sì í ní òórùn kankan. Á wá fi abẹ gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, títí ẹnu rẹ̀ á fi gùn, tí yóò sì tẹ́ẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ló máa ń kọ̀wé. Kò sí ohun tí kì í kọ: orúkọ òpópónà, iye alùbọ́sà tó yẹ ọbẹ̀, lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ tó ti kú. Ó máa ń tẹ́tí sí i bó ṣe ń kọ. Èyí tó le ń dún ṣàṣà lórí ìwé. Èyí tó rọ̀ kì í dún rárá, ńṣe ló ń yọ̀ lọ bí òrí lójú ooru.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Waliyat, ni wọ́n jọ ń gbé. Aránṣọ ni Waliyat, ó ní ṣọ́ọ̀bù sí Fọlá Agoro, ọkọ rẹ̀ sì ti ṣaláìsí. Ó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pẹ́ńsù yìí ti sú u.

"Látí," ló sọ lọ́jọ́ kan tí agolo mẹ́rin já bọ́ lé e lẹ́sẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, "ẹni tó bá wọ yàrá yìí á rò pé a fẹ́ dá iléèwé sílẹ̀ ni."

"Ẹ má bínú, Sisí mi."

"Kí n má bínú kẹ̀? Kí lo fẹ́ fi wọ́n ṣe gan-an? Mélòó lo lè kọ tán nínú wọn kó o tó darúgbó?"

"Mi ò fẹ́ kọ wọ́n tán."

"Kí lo wá fẹ́?"

Látífàt ronú sí i. Kò tíì sí ẹni tó bi í léèrè bẹ́ẹ̀ rí. "Mo fẹ́ mọ̀ wọ́n ni," ló dáhùn.

Waliyat wò ó títí, ó mi orí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń bá a ṣa pẹ́ńsù. Inú agolo tí kì í ṣe tiwọn ló ń dà wọ́n sí. Látífàt dúró kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde kó tó tún wọn tò.

Báyìí ni nǹkan ì bá ṣe máa lọ, bí kì í bá ṣe Òkìkíọlá.

Ọ̀dọ́bìnrin ni Òkìkíọlá, òun sì ni akọ̀wé Ẹgbẹ́ Akóhun-Àtijọ́-Jọ, àwọn èèyàn tí wọ́n ń kó owó ẹyọ láéláé, sítáǹpù, aago àtijọ́ àti oríṣiríṣi nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń pàtẹ ohun tí wọ́n ní fún aráyé wò ní họ́ọ̀lù kan ní Ọbáníkòró. Ìwé kékeré tí wọ́n fẹ́ pín lọ́jọ́ náà ló gbé wá sí iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé àwọn Látífàt. Bí Látífàt ṣe ń kà á lójú rẹ̀, ó dé ojú ewé àwòrán tó ń dán, ó fi pẹ́ńsù ọwọ́ rẹ̀ lélẹ̀, ó sì mú òmíràn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," Òkìkíọlá béèrè, "kí ló dé tẹ́ ẹ pààrọ̀ pẹ́ńsù?"

"Ìwé yìí ń dán. Bí mo bá fi HB kọ ọ́, ńṣe láá máa yọ̀, kò ní hàn. 4B ló máa dì í mú."

"Ṣé wọ́n yàtọ̀ síra ni?"

Látífàt rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé fún un pé lẹ́tà H túmọ̀ sí pé ọ̀pá dúdú inú pẹ́ńsù le, tí B sì túmọ̀ sí pé ó dúdú, ó sì rọ̀. Pé bí iye tó wà níwájú lẹ́tà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni líle tàbí rírọ̀ náà ń pọ̀ sí i. Pé HB ló wà láàárín. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu rẹ̀ débi pé kò mọ̀ pé òun ti sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú.

"Mélòó lẹ ní nílé, mà?"

Látífàt bojú wẹ̀yìn bóyá ọ̀gá rẹ̀ ń gbọ́. "Ẹgbẹ̀rún méjì, igba àti mẹ́tàdínlógún," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Òkìkíọlá yọ fọ́ọ̀mù kan nínú báàgì rẹ̀, ó sì fi í síwájú rẹ̀. "Ẹ kọ orúkọ yín síbẹ̀. Ẹ máa ní tábìlì tiyín lọ́dún yìí."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù, gbogbo rẹ̀ sì ni Látífàt fi ṣa pẹ́ńsù. Tábìlì kan kò lè gbà ju igba lọ. Ó mú igba, ó yọ ọgbọ̀n, ó tún fi ọgbọ̀n mìíràn dípò. Ó fẹ́ kí ẹni tó bá wò ó láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún rí bí pẹ́ńsù ṣe ń le sí i. Ó gé aṣọ gbọọrọ kan tó fẹ́ fi ṣe àpò pẹ́ńsù, Waliyat ló bá a fi ẹ̀rọ rán an, tó ń kùn pé òun fi iṣẹ́ oníbàárà sílẹ̀ nítorí igi tí wọ́n fi ọ̀dà kùn. Àmọ́ ó rán an dáadáa, ó sì fi aṣọ àdìrẹ tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe etí rẹ̀ láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí ọjọ́ Sátidé tí wọ́n dá fún ìpàtẹ náà pé, àwọn méjèèjì gbé àpótí wọn sọ̀kalẹ̀ ní Ọbáníkòró ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀. Họ́ọ̀lù náà ti kún. Owó ẹyọ wà nínú àpótí onígíláàsì, aago ń lù lápá kan, ìwé ìròyìn àtijọ́ wà lára ògiri. Látífàt ń wá ibi tí orúkọ rẹ̀ wà. Ó yípo họ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mejì kó tó rí i. Ìta ni wọ́n gbé tábìlì rẹ̀ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́, níbi tí wọ́n to àga tó ti kán sí.

Òkìkíọlá sáré wá, ojú ń tì í. "Ẹ má bínú, mà. Inú họ́ọ̀lù ni mo fi yín sí. Alága ló ní kí wọ́n gbé e jáde láàárọ̀ yìí."

Alága ọ̀hún dé bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ẹnjiníà Olúmúyìwá ni orúkọ rẹ̀, bàbá arẹwà kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Gègé olówó ńlá ló ń kó jọ, irú èyí tí wọ́n ń rọ tàdáwà sí nínú. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá a jiyàn kẹ́yìn.

"Màdáámú, ẹ kú iṣẹ́," ló sọ. "Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó dùn yín. Owó ẹyọ ní ìtàn. Sítáǹpù ní ìtàn. Pẹ́ńsù, ọmọdé á gbẹ́ ẹ títí á fi tán, á sọ ìdí rẹ̀ nù. Bí èèyàn bá ti rí ọ̀kan, ó ti rí gbogbo rẹ̀."

Látífàt fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ka ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kì í yá lẹ́nu. Ó gbọ́wọ́ lé ìdérí àpótí rẹ̀, ó ń rò ó pé kí àwọn kúkú padà sílé.

Waliyat ló sọ̀rọ̀. Waliyat tó ti ń kùn láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé.

"Ẹ dákun, Alága," ló wí, ó sì ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, "ẹ ní bí ẹ bá ti rí ọ̀kan, ẹ ti rí gbogbo rẹ̀? Àbúrò mi yìí, bẹ́ ẹ bá dì í lójú, tẹ́ ẹ fún un ní pẹ́ńsù èyíkéyìí láyé yìí, á sọ irú èyí tó jẹ́ fún yín. Ṣé ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn gègé yín?"

"Sisí mi!" Ẹ̀rù ba Látífàt.

"Ṣé irọ́ ni mo pa?"

Látífàt wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́. "Rárá," ló sọ jẹ́ẹ́. "Kì í ṣe irọ́."

Àwọn tó wà nítòsí ti gbọ́. Ẹni kan pàtẹ́wọ́. Òmíràn ké sí àwọn tó wà nínú họ́ọ̀lù pé kí wọ́n wá wòran. Ẹnjiníà Olúmúyìwá rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa, òun gbà. Bí Látífàt bá mọ gbogbo rẹ̀, kí wọ́n gbé tábìlì rẹ̀ wọlé. Bó bá ṣi ẹyọ kan, kó fara mọ́ ibi tó wà. Òkìkíọlá ní kí gbogbo ẹni tó bá ní pẹ́ńsù nínú báàgì mú un wá, òun fúnra rẹ̀ ló sì yan márùn-ún nínú wọn. Wọ́n gbé àga kan sí àárín họ́ọ̀lù. Waliyat tú ìborùn ọrùn rẹ̀, ó fi di ojú àbúrò rẹ̀, ó sì rọra tẹ̀ ẹ́ léjìká kó tó kúrò lẹ́yìn rẹ̀.

Nínú òkùnkùn yẹn, ọkàn Látífàt rọlẹ̀ lójijì. Kò rí ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Pẹ́ńsù nìkan ló kù.

Wọ́n fi àkọ́kọ́ sí i lọ́wọ́. Ó fi àtàǹpàkò pa á lára látòkè délẹ̀, ó fi kọ ìlà kan lórí ìwé tó wà lórí itan rẹ̀.

"HB ni," ló wí. "Èyí tí wọ́n ń tà níwájú gbogbo iléèwé. Ọmọdé ló ni ín. Ó ti fi eyín jẹ ìdí rẹ̀."

Ẹ̀rín sọ. Obìnrin kan jẹ́wọ́ pé ọmọ òun ló ni ín lóòótọ́.

Èkejì pẹlẹbẹ. Látífàt kò tilẹ̀ kọ nǹkan kan. "Ti káfíńtà nìyí. Ẹ má fi mí ṣeré."

Ó pẹ́ díẹ̀ lórí ẹ̀kẹta. Ó kọ ìlà, ó fi ìka pa ìlà náà, ó fi ìka kan imú. "Kò sí lẹ́ẹ̀dì, ọ̀pá dúdú yẹn, nínú èyí. Bí àbẹ́là ló rí. Pẹ́ńsù aláwọ̀ ni."

"Àwọ̀ wo?" ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn.

"Ìyẹn ni mi ò lè mọ̀, àfi bẹ́ ẹ bá tú mi lójú."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ti yàtọ̀. Ẹ̀rín ẹni tó ti ń gbè é ni. Ẹ̀kẹrin fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi èékánná ha ìdí rẹ̀, ó ní kì í ṣe igi rárá, ìwé ìròyìn ni wọ́n ká mọ́ lẹ́ẹ̀dì lára. Òkìkíọlá gbé e sókè kí gbogbo èèyàn rí àwọn lẹ́tà wínníwínní tó wà nídìí rẹ̀. Ìgbà yìí ni àtẹ́wọ́ gidi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún ló pẹ́ lé lórí jù. Ó gbé e sítòsí etí rẹ̀, ó rọra fi kọ ìlà gígùn kan. Ohùn kan dún lórí ìwé, ṣíṣà báyìí, bí ẹni ń fi èékánná gba orí sílíìkì.

"4H," ló wí. "Ó ti dàgbà. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń là, kédárì ni igi rẹ̀. Ẹni tó ń yàwòrán ilẹ̀ tàbí ilé ló lò ó. Ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ, kò lo ṣápínà. Ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ gan-an."

Látífàt gbọ́ ohùn obìnrin kan láàárín èrò. "Bàbá mi ló ni ín. Wọ́n ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba nígbà ayé wọn. Ọ̀bẹ ni wọ́n ń lò. Ọwọ́ wọn balẹ̀ lóòótọ́." Morọ́láyọ̀ ni orúkọ obìnrin náà, aago àtijọ́ ló ń kó jọ. Ariwo tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọjá ti àtẹ́wọ́.

"Ó kù ẹyọ kan," ni Ẹnjiníà Olúmúyìwá wí. Ohùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́. Ó mú pẹ́ńsù kan jáde nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, èyí tó ní àwọ̀ ewéko tó ń dán, tí lẹ́tà wúrà wà lára rẹ̀. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló mú un wá fún un gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn òkè òkun, òun nìkan sì ni pẹ́ńsù tó kà sí nǹkan gidi.

Látífàt gbà á. Ó fọwọ́ pa á lára, ó dúró. Ó tún fọwọ́ pa á lára. Ó kọ ìlà. Ó gbóòórùn ìdí rẹ̀. Ó wá fi orí àtàǹpàkò ka àwọn lẹ́tà ara rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"2B ni wọ́n kọ síbẹ̀," ló sọ níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe 2B. HB ni."

Họ́ọ̀lù rú. "Ó ti ṣì í!" ẹnìkan kígbe. Ẹnjiníà na ọwọ́ sókè. "Ẹ gbìyànjú, Màdáámú, ẹ gbìyànjú púpọ̀. Àmọ́ 2B ni. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló kọ ọ́ síbẹ̀."

Waliyat di ẹnu mú. Òkìkíọlá wolẹ̀.

Látífàt fúnra rẹ̀ ló tú ìborùn kúrò lójú. Ìmọ́lẹ̀ wọ̀ ọ́ lójú, ó rí i pé èèyàn tó yí òun ká lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní àná, ì bá ti sá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó mọ̀ dájú nìyí, ọ̀rọ̀ tó fi ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kọ́.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú sí mi," ló wí, ó sì dìde dúró. "Kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló kọ ọ́ síbẹ̀. Àwọn lẹ́tà yìí jìn jù. Ẹ̀rọ gbígbóná tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀ ló ṣe é, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ orúkọ sára pẹ́ńsù tí wọ́n máa pín níbi ayẹyẹ. Ọ̀dà rẹ̀ sì nípọn. Méjì ni, ọ̀kan lórí èkejì. Sisí mi, ẹ bá mi mú 2B kan wá nínú agolo kẹta tó wà nínú àpótí."

Waliyat sáré lọ. Agolo kẹta gan-an ló ṣí, 2B ló sì mú bọ̀. Látífàt fi pẹ́ńsù méjèèjì kun ojú ìwé kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì na ìwé náà sí Ẹnjiníà. Ọ̀kan dúdú kirimú. Èkejì rí bí òfuurufú nígbà tí òjò bá fẹ́ rọ̀. Kò sí ẹni tó nílò kí wọ́n ṣàlàyé fún òun.

"Ṣé ẹ gbà mí láyè kí n ha á díẹ̀?"

Bàbá náà wo pẹ́ńsù rẹ̀ títí. "Ẹ ha á," ló dáhùn.

Látífàt yọ abẹ rẹ̀. Ó ha ọ̀dà aláwọ̀ ewéko náà ní ibi kékeré kan nítòsí ìdí rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bó èèpo ẹyin. Àwọ̀ yẹ́lò yọjú lábẹ́ rẹ̀. Ó ha á síwájú. Lẹ́tà dúdú kan yọ, H. Kò pẹ́, B yọ tẹ̀ lé e.

Ariwo sọ tí àwọn tó wà lójú títì fi yà wọlé wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Waliyat fò sókè. "Mo sọ fún yín!" ló ń pariwo. "Ṣé mi ò sọ fún yín? Àbúrò mi nìyẹn!"

Ẹnjiníà Olúmúyìwá gba pẹ́ńsù rẹ̀. Ó yí pẹ́ńsù náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "Ọdún mẹ́rin," ló wí níkẹyìn, "ọdún mẹ́rin ni mo ti ń fi èyí yangàn fún àlejò." Ó bú sẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀, ẹ̀rín tó ti inú wá, ó sì na pẹ́ńsù náà bí ẹni tó fẹ́ jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí.

"Ẹ dákun, ẹ má jù ú nù sà!" Látífàt di ọwọ́ rẹ̀ mú kó tó mọ ohun tí òun ń ṣe. "Ẹ jẹ́ n gbé e sórí tábìlì mi. Nínú gbogbo èyí tí mo gbé wá, kò sí èyí tó tó o. Ẹnìkan jókòó, ó kùn ún, ó tẹ wúrà sí i, ìlà kan kò wọ́. Ẹ wò ó! Ọwọ́ ẹni yẹn dáa. Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn rí i."

Bàbá náà wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i. Ó wá yíjú sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. "Kí lẹ dúró ń wò?" ló kígbe. "Ẹ lọ gbé tábìlì obìnrin yìí wọlé! Ẹ sún ti gègé mi kúrò láàárín. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e sí."

Kí agogo méjìlá ọ̀sán tó lù, igba pẹ́ńsù ti wà lórí tábìlì tó wà láàárín họ́ọ̀lù, nínú àpò aṣọ gbọọrọ tí etí rẹ̀ jẹ́ àdìrẹ, láti orí èyí tó rọ̀ jù dé orí èyí tó le jù. Pẹ́ńsù Ẹnjiníà wà níwájú gbogbo wọn, ibi tí wọ́n ti ha á kọjú sókè. Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ ló dúró tì í, tó ń sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹni tó bá ti dé, tó sì ń fi kún un díẹ̀díẹ̀, débi pé nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, pẹ́ńsù mẹ́wàá ni Látífàt ti mọ̀ lójú dídì, kì í ṣe mẹ́fà mọ́.

Látífàt tẹ́ ìwé sílẹ̀, ó ní kí ẹni tó bá wù gbìyànjú èyí tó bá fẹ́. Kò retí pé wọ́n á pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Morọ́láyọ̀ kọ orúkọ bàbá rẹ̀ pẹ̀lú 4H tó jogún, ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ní láti òní lọ, òun kò ní jẹ́ kó dùbúlẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ mọ́. Ọkùnrin kan tó ń kó sítáǹpù jọ sọ pé ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí òun ti fọwọ́ kan pẹ́ńsù kẹ́yìn, ó kọ gbólóhùn kan, ó wò ó, ó tún kọ òmíràn, wọ́n sì ní láti bẹ̀ ẹ́ kó tó dìde fún ẹni tó kàn. Òkìkíọlá gbé ìwé ẹgbẹ́ wá, Látífàt buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́. Pẹ́ńsù ló fi buwọ́ lù ú, kò sì sí ẹni tó ní kó lọ mú báírò.

Nígbà tí ìlà àwọn tó fẹ́ gbìyànjú gùn dé ẹnu ọ̀nà, Waliyat kó àga méjì, ó fi dábùú rẹ̀, ó sì dúró síwájú bí ọlọ́pàá.

"Ẹ tò lẹ́yìn ara yín!" ló ń ké. "Ẹ má ti ara yín! Onímọ̀ kan ṣoṣo ni, kò lè dá gbogbo yín lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ èyí tó rọ̀, apá òsì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ èyí tó le, apá ọ̀tún."

Ẹnjiníà Olúmúyìwá tò sórí ìlà bíi tàwọn yòókù. Nígbà tó kàn án, ó jókòó, ó ní kí Látífàt bá òun yan èyí tó yẹ òun.

Látífàt kò tíì fọwọ́ kan pẹ́ńsù kankan. Ó mú ọ̀kan nínú gègé bàbá náà látorí tábìlì rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó nà án sí i.

"Ẹ kọ́kọ́ fi èyí kọ orúkọ yín, sà," ló wí, ó sì fi ara ti àga rẹ̀ bí ẹni tó wà nílé ara rẹ̀. "Ẹ jẹ́ n wo bọ́wọ́ yín ṣe ń di nǹkan mú."